Ènìyàn Laṣọ: Ilé tí Bernarda Alba Tì Pa

Yorùbá ní ènìyàn laṣọ. Láti ìgbà tí a ti wo eré Federico García Lorca tí wọ́n ń pè ní Ilé Bernarda Alba ni òwe kékeré yìí ti ń dún létí wa, nítorí pé inú eré náà ni a ti rí ìyá kan tí ó bọ́ aṣọ yìí kúrò lára ọmọbìnrin márùn-ún, tí ó sì dá a lójú pé ńṣe ni òun ń daṣọ bò wọ́n. A kò gbọ́ èdè Sípéènì. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a gbà gbọ́ ọ, tí a sì tún gbà kà á nílé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohun kan bá bọ́ sọnù lójú ọ̀nà láti èdè kan sí èkejì, ẹ má fi bú Lorca.

Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni òǹkọ̀wé eré yìí. Ọdún 1898 ni wọ́n bí i ní Fuente Vaqueros, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Granada. Ó parí eré náà ní oṣù kẹfà ọdún 1936. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn Franco mú un, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹni ọdún 38 ni. Kò fojú rí eré náà lórí ìtàgé. Ìlú Buenos Aires ní ilẹ̀ Argẹntínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 1945, láti ọwọ́ Margarita Xirgu, òṣèrébìnrin ọmọ Sípéènì tí ogun kò jẹ́ kí òun náà lè padà sílé. Eré tí ó dá lórí ilé tí a tì pa, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà ní àjò ni ó ti kọ́kọ́ rí ilé gbé.

Ìtàn náà kò gùn. Ọkọ Bernarda kú. Wọ́n sin ín tán, àwọn obìnrin abúlé wá bá wọn jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde ni Bernarda pàṣẹ pé ọdún 8 ni gbogbo ilé yóò fi ṣọ̀fọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n fi bíríkì dí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nílé baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nílé baba-ńlá rẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó, kí wọ́n máa rán aṣọ tí wọn yóò kó lọ sílé ọkọ. Ta ni yóò wá fẹ́ wọn nínú ilé tí a tì? Ìyẹn kò yé wa.

Ọkùnrin kan, Pepe el Romano, ẹni ọdún 25, wá ń tọrọ Angustias tí í ṣe àkọ́bí, nítorí pé òun nìkan ni ó jogún owó gidi láti ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀, ọkọ àkọ́kọ́ Bernarda. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Adela, àbíkẹ́yìn, ni Pepe ń lọ ní òru. Martirio náà sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àṣírí tú, Bernarda gbé ìbọn, ó yìn ín, kò bà á. Pepe gun ẹṣin rẹ̀, ó sá lọ. Martirio wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà ti kú. Adela wọ yàrá, ó pokùn so. Pepe tí a ń sọ yìí, a kò rí i lórí ìtàgé rárá. Kò sí ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó yọjú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, síbẹ̀ kò sí ìṣẹ́jú kan tí a kò gbọ́ òórùn wọn.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà fún Bernarda, nítorí kò ṣe é fúnra rẹ̀. Lorca kọ ọjọ́ orí olúkúlùkù wọn sílẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́, kò sì kọ ọ́ lásán. Angustias jẹ́ ẹni ọdún 39. Bí ọ̀fọ̀ bá parí yóò di 47. Magdalena yóò kúrò ní 30 bọ́ sí 38, Amelia yóò kúrò ní 27 bọ́ sí 35, Martirio yóò kúrò ní 24 bọ́ sí 32, Adela tí ó jẹ́ ẹni 20 yóò di 28. Ọdún 8 lọ́nà 5 jẹ́ ogójì ọdún. Ogójì ọdún ìgbà èwe àwọn ẹlòmíràn ni obìnrin yìí fi ọ̀rọ̀ ẹnu ná tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sì wo ìwé ìṣirò kankan kó tó ná an.

Àwa náà ní opó ṣíṣe nílẹ̀ wa, a kò sì ní purọ́ pé kò ní ìnira tirẹ̀ fún àwọn ìyá wa. Àwọn mìíràn jìyà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n opó ṣíṣe ní ọjọ́ tí ó ń parí. Oṣù ni a fi ń kà á, kì í ṣe ọdún. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ iye tiwọn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú ilé opó pàápàá, ènìyàn kì í wọ́n: àwọn ìyàwó ilé ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnìkan ń se ọbẹ̀, ẹnìkan ń sọ ìtàn olóògbé, ẹnìkan ń dá ẹ̀rín sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ẹ̀rín wà. Ọ̀fọ̀ tí ó ní ènìyàn nínú ni. Ti Bernarda kò ní. Nínú gbogbo àwọn ọmọ náà, Magdalena nìkan ni ó fẹ́ràn baba wọn débi pé ó dákú níbi ìsìnkú. Kí wá ni àwọn mẹ́rin yòókù ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù kì í ṣe ikú Adela. Ọ̀rọ̀ Martirio ni. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ eré yìí, Adela ni wọ́n máa ń sunkún fún, nítorí ó lẹ́wà, ó lágídí, ó sì kú. Martirio ni wọ́n ń bú. Àwa rò pé òun gan-an ni ó fi ohun tí ìdánìkanwà ń ṣe sí ọkàn ènìyàn hàn wá jù lọ.

Martirio ní iké díẹ̀ lẹ́yìn, ara rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá. Ní apá kìíní, ó ń sọ fún Amelia pé láti kékeré ni ẹ̀rù ọkùnrin ti ń ba òun, àti pé Ọlọ́run ti dá òun ní irú ẹni tí wọn kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Amelia rán an létí pé ọmọkùnrin kan, Enrique Humanes, ti fìgbà kan fẹ́ ẹ. Martirio ní ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lásán ni. Òun dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kò yọjú, ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn tí ó lówó ju òun lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti pa ìwé ọ̀rọ̀ náà dé. Ó ti gbà fún ara rẹ̀ pé òun kò ní láárí.

Àfi ìgbà tí a dé apá kejì. Ẹnu Poncia, ìránṣẹ́ àgbà, ni a ti gbọ́ ọ, nígbà tí ó ku òun àti Bernarda nìkan: ní ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà fẹ́ wá sí ojú fèrèsé, Bernarda fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó má ṣe wá. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Baba rẹ̀ jẹ́ alágbàṣe oko. Bernarda kò tilẹ̀ sẹ́. Ó ní bí ó bá tún di ọ̀la òun yóò tún ṣe é.

Ẹ wo bí Lorca ṣe to ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a wà ní ìjókòó mọ̀ ọ́n. Poncia mọ̀ ọ́n, Bernarda mọ̀ ọ́n. Martirio kò mọ̀ ọ́n títí eré fi parí. Gbogbo ohun tí ó ti rò nípa ara rẹ̀ láti òru ọjọ́ náà, pé òun burẹ́wà, pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ òun, orí irọ́ ni ó kọ́ ọ lé. Ká ní ó ń jáde ni, ká ní ó lè bá Enrique pàdé létí kànga kí ó sì bi í léèrè pé kí ló dé, ìdáhùn kan péré ni yóò yí ayé rẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá ní ibi tí ó ti lè yẹ ìròyìn ara rẹ̀ wò, ohun tí ilé bá sọ fún un ni yóò gbà. Ẹni tí wọ́n fi irọ́ mú ìgbà èwe rẹ̀ lọ yìí ni ó wá di olè tí ó jí àwòrán Pepe pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìbùsùn rẹ̀, òun ni ó di amí, irọ́ náà ni ó sì fi pa àbúrò rẹ̀. Lójú tiwa, a kò rí ìwà ìkà tí a bí mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni a rí.

Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú ni Bernarda ti ilẹ̀kùn. Ó ti ń tì í bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lójú rẹ̀, kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo agbègbè náà tí ó tó àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́. Ikú ọkọ kàn fún un ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí ó yani lẹ́nu. Obìnrin tí ó fi abúlé sílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí abúlé tó o. Bí àwọn aláṣọ dúdú ti jáde lẹ́yìn àdúrà, èébú ló fi sìn wọ́n, ó ní olóró ni ahọ́n wọn. Síbẹ̀, kò ní ohun mìíràn tí ó fi ń díwọ̀n ìgbésí ayé rẹ̀ ju ahọ́n náà lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ohun tí wọn yóò sọ lọ́la. Ó yẹra fún àánú wọn, ìrànlọ́wọ́ wọn, àwàdà wọn àti ọmọkùnrin wọn. Àhesọ wọn nìkan ni ó jẹ́ kí ó wọlé. Ní òpin apá kejì, wọ́n ń wọ́ ọmọbìnrin kan kọjá ní ojú pópó, ọmọ Librada, ẹni tí ó bímọ láìní ọkọ tí ó sì pa ọmọ náà. Ẹni tí ó ti gbogbo ilẹ̀kùn wá ń kígbe láti inú ilé pé kí wọ́n pa á. Adela di ikùn ara rẹ̀ mú, ó ń kígbe pé rárá. A kò mọ ìran mìíràn nínú eré náà tí ó mú wa láyà tó èyí. Ìyá àti ọmọ ń fi ohùn tí kò bára mu dá sí ẹjọ́ kan náà, ìyá kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ ọmọ òun ni òun ń dá.

Ìdí tí kò fi mọ̀ ni pé ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí a kò lè gbà nímọ̀ràn. Ọgbọ̀n ọdún ni Poncia ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń jáde tí ó ń wọlé, òun ni ó mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí ni Pepe ń kúrò ní àyíká ilé, nígbà tí Angustias ń búra pé kò kọjá aago kan ààbọ̀. Poncia sọ ọ́ ní òwe, ó sọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ lójúkojú. Bernarda ní ìránṣẹ́ ni, kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì panu mọ́. Òótọ́ ni pé Poncia pàápàá kò mọ́ tónítóní; ó ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti dì sínú láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì dà bí ẹni pé apá kan nínú rẹ̀ fẹ́ kí ilé náà wó. Ṣùgbọ́n ta ló kù? Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, kò sí ọ̀rẹ́. Prudencia aládùúgbò wá jókòó díẹ̀ ní apá kẹta, ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ tí baba rẹ̀ kò dárí jì ni ó gbé wá, ó sì lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Bernarda fọ́nnu pé ọkàn òun balẹ̀, ó sì lọ sùn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òun ń ṣọ́ tòde.

Adela kò fẹ́ràn ọ̀fọ̀ láti ọjọ́ kìíní; abẹ̀bẹ̀ tí ó ní òdòdó pupa àti àwọ̀ ewé ni ó gbé fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní aṣọ tuntun kan, aláwọ̀ ewé, tí ó rán fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tí kò sí ibi tí yóò wọ̀ ọ́ lọ, ó wọ̀ ọ́, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ní kí àwọn adìẹ wo òun. Àwọn èrò ìwòran rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí a lọ. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Kí ni aṣọ wà fún bí kò sí ojú tí yóò wò ó? Ẹni tí ó ti ń fi ara rẹ̀ han adìẹ, ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó bá wò ó lójú yóò di gbogbo ayé fún un. Nítorí náà ni Pepe, tí kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin olójúkòkòrò kan lọ, ṣe di òòrùn àti òṣùpá nínú ilé obìnrin márùn-ún. Ní ìta, wọn ì bá ti rí irú rẹ̀ mẹ́wàá, wọn ì bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Bernarda wà nínú ilé náà pẹ̀lú, María Josefa, ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n tì í mọ́ yàrá. Ó máa ń já jáde, a fi òdòdó ṣe ọ̀ṣọ́ ara, a ní òun fẹ́ lọ ṣe ìyàwó létí òkun; nígbà tí ó yá, ó gbé ọmọ àgùntàn pọ̀n mọ́ àyà bí ọmọ. Òun nìkan ni ó ń sọ òótọ́ tí kò sì lọ́ ọ pọ̀. A óò sọ èrò wa: asínwín tí ó ń sọ òótọ́ ti pọ̀ jù nínú eré orí ìtàgé, ó sì ṣe wá bíi pé ó rọ Lorca lọ́rùn jù níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tí ó yẹ kí ó máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ náà, tí ó yẹ kí wọ́n máa sá tọ̀ bí ìyá bá le jù, òun ni wọ́n kọ́kọ́ tì mọ́lé.

A tún ní ẹ̀sùn kan sí òǹkọ̀wé: Amelia. Ó wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rán aṣọ, ṣùgbọ́n kí a tó délé a ti gbàgbé ohun tí ó sọ. Bóyá ohun tí ilé náà ṣe fún un gan-an nìyẹn. Àwọn aṣelámèyítọ́ kan sì wà tí wọ́n ka Bernarda sí àwòrán ìjọba apàṣẹwàá tí ó ń bọ̀ wá gorí Sípéènì. A kò bá wọn jà. Ikú tí Lorca kú ti fún wọn ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn ń jẹ́ kí àwa tí a kì í ṣe ọ̀gágun jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú àga wa.

Ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún 16, bá wa lọ. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, a ń ṣépè fún Bernarda, ọmọ náà sì dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Dádì, èmi ò rò pé ó burú tó bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bà á." A bi í pé ẹ̀rù kí ni. Ó ní, "Ẹ̀rù gbogbo ènìyàn." Lẹ́yìn náà ó tún gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ sétí.

Gbólóhùn yẹn ni ó mú wa tún eré náà kà. Nílé, ọmọ tí kò lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ a bá àbúrò ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tàbí ìyàwó àbúrò baba, tàbí ìyá àgbà tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Agbo ilé ní ilẹ̀kùn púpọ̀; bí ọ̀kan bá tì, òmíràn yóò ṣí. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìlú Ọba, agbo ilé kò bá wa wọ̀ ọ́. Nínú ilé oníyàrá mẹ́ta wa, òbí méjì péré ni ó jẹ́ ìyá, baba, ìyá àgbà, adájọ́ àti ọlọ́pàá. A ń bẹ̀rù ohun tí ó wà níta, ìdí sì wà fún ẹ̀rù náà. Ẹni tí ó bá ní kò sí nǹkan níta kò gbé ìlú yìí. Nítorí náà, ilé-ìwé sí ilé, ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọ aládùúgbò kò tó wọn bá ṣeré: wọn kò kí àgbà, baba wọn kò kàwé. A ti sọ gbólóhùn kẹta yẹn rí nínú ilé wa. Ìgbà tí a gbọ́ ọ lẹ́nu Bernarda nípa Enrique Humanes ni a tó mọ bí ó ṣe ń dún.

A kò sọ pé ìyá kan nínú wa jẹ́ Bernarda. Kò sí ẹni tí ó ń fi ọ̀pá wọ ilé, tí ọmọ yóò wá ṣẹ́ ọ̀pá náà mọ́ ọn lọ́wọ́ bí Adela ti ṣe. Ohun tí ó ń dà wá láàmú kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ni ọmọ yìí yóò sọ ọ́ fún? Bí a bá ti ṣe àṣìṣe nípa rẹ̀, irú àṣìṣe tí Bernarda ṣe nípa Martirio, níbo ni òun yóò ti gbọ́ òótọ́?

Nígbà tí wọ́n sọ okùn kalẹ̀, àṣẹ tí Bernarda pa ni pé kí wọ́n wọ aṣọ wúńdíá fún òkú náà, kí ẹnikẹ́ni má sunkún, kí gbogbo ilé dákẹ́. Dídákẹ́ náà ni ó fi wọ orí ìtàgé ní ìbẹ̀rẹ̀. Adela ti kú, abúlé ni ó ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

Fọ́ọ̀mù kan wà lórí fíríìjì wa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ilé-ìwé ọmọ náà fẹ́ kó wọn lọ sí etí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta. A ti sọ pé rárá kí a tó lọ wo eré yìí, kò sì tíì tún béèrè. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbà á padà.